Ọsàn tí Màmá ń bó ló ń gbé ṣúgà wọn sókè lórí ẹ̀rọ

Láàárọ̀, kí Màmá tó jẹun, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn kì í kọjá 125 mg/dL. Tó bá di ọ̀sán, níbi àtẹ wọn lọ́jà Àtàkúnmọ́sà n'Íléṣà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà á ní 270. Dókítà ti fẹ́ fi kún oògùn àtọ̀gbẹ wọn. Àmọ́ àyẹ̀wò HbA1c, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, jẹ́ 6.8%. Ìyẹn ò bá 270 ojoojúmọ́ mu rárá.

Mo rò pé mínírà ni wọ́n ń mu, mo bá lọ jókòó tì wọ́n. Ọsàn ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ń bó o fún oníbàárà látàárọ̀. Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n fi òwú sípíríìtì kan ìka, wọ́n gún un: 264. Mo bu omi, wọ́n fọṣẹ fọwọ́, wọ́n nù ún gbẹ dáadáa. A gún ìka mìíràn: 141.

Màmá ní, “Ṣé o wá gbà pé mi ò fẹnu kan mínírà?”

Oje ọsàn tó gbẹ mọ́ ìka ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀ tíńtín tí ẹ̀rọ ń wò. Sípíríìtì nìkan kì í sábà mú un kúrò. Omi àti ọṣẹ ni. Máńgòrò àti oyin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí omi ò bá sí nítòsí, ẹ nu ẹ̀jẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde nù, kí ẹ fi èyí tó tẹ̀ lé e yẹ̀ ẹ́ wò.

Dókítà fi oògùn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ká ní ó fi kún un ni, ṣúgà ì bá já wálẹ̀, òógùn àti gbígbọ̀n ì bá sì dé.