Bí Mo Ṣe Rí Ibi Tí Iná Há Sí Lára Alùpùpù Mi

Bátìrì ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. Tí alùpùpù bá kọ̀ tí kò sítáàtì, tó kàn ń dún "tẹ-tẹ-tẹ" lábẹ́ ìjókòó, ẹni àkọ́kọ́ tó bá dúró á ní, "Bátìrì yẹn ti kú, ẹ lọ ra òmíì." Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ bátìrì tún máa ń kú nítorí pé iná tó yẹ kó máa wọlé sí i látinú ẹ́ńjìnì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Tẹ́ ẹ bá ra tuntun sí irú alùpùpù bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí tuntun ọ̀hún náà ò ní gùn. Ohun tó ṣe tèmi nìyẹn, mo sì fẹ́ sọ bí a ṣe tọpasẹ̀ rẹ̀ títí a fi rí i, torí mo ti rí àwọn tó náwó sórí bátìrì, rẹ́gúlétọ̀ (ohun tó ń darí iná tó ń lọ sí bátìrì) àti kọ́ílì (ibi tí iná ti ń jáde nínú ẹ́ńjìnì), tí àrùn sì wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò wò.

Alùpùpù ìrìn-àjò ni mò ń gùn, 650 cc, ínjẹ́tọ̀ tó ń fi iná fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì ló ní, kì í ṣe kàbúrétọ̀ tí kò nílò iná. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí. Ọkadà kékeré tí bátìrì rẹ̀ bá rẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ ta á tàbí kí wọ́n tì í, á dìde. Tèmi ò ní ibi ìfẹsẹ̀ta. Páńpù tó ń ti epo lọ sí ínjẹ́tọ̀ àti bréènbọ́ọ̀sì tó ń darí rẹ̀, iná bátìrì ni àwọn méjèèjì ń lò. Tí bátìrì bá ti gbẹ pátápátá, ẹ̀ báà tì í láti Ọ̀jọ́ta dé Maryland, òógùn lásán lẹ máa rí.

Ìbàdàn ni èmi àti ẹgbẹ́ tí a jọ ń gun alùpùpù ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. A yà sí ilé epo kan ní Bẹ́gà, gbogbo wa rọ epo, gbogbo wa tẹ sítátà, tèmi nìkan ni kò dáhùn. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá kì í kọjá ẹni tó bá dúró, ẹni tó wà níwájú náà sì gbọ́dọ̀ máa wo dígí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lọ. Oòrùn ń ta, àwọn kan ṣì ń lọ sí Ajah, síbẹ̀ gbogbo wọn bọ́ akoto wọn, wọ́n pagbo yí mi ká. Awakọ̀ dánfó kan yá wa ní bátìrì ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ àgbà nínú wa ní kó pa ẹ́ńjìnì ọkọ̀ náà kí a tó so wáyà, torí iná tó ń jáde lára ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lè pọ̀ jù fún ohun èlò kéékèèké tó wà lára alùpùpù. Pósítíìfù sí pósítíìfù, lẹ́yìn náà nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì ọkọ̀ sí ara irin ẹ́ńjìnì alùpùpù, níbi tó jìnnà sí bátìrì. Ó dìde. Wọ́n yọ fíúùsì iná iwájú mi torí ilẹ̀ ò tíì ṣú: gílóòbù 55 wáàtì kan ṣoṣo ń jẹ ju 4 ámúpù lọ, ìyẹn á sì ṣẹ́ kù sínú bátìrì. Wọ́n fi mí sáàárín, a rọra wá dé Yábàá.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹnì kan ní bátìrì ni, ẹnì kan búra pé rẹ́gúlétọ̀ ni, ẹlòmíì ní kọ́ílì inú ẹ́ńjìnì ló jó, pé irú rẹ̀ ṣe òun rí lọ́nà Ìlọrin. Ìfẹ́ ló mú gbogbo wọn sọ̀rọ̀, mi ò sì fojú kéré ọ̀kankan. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yẹn, ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe rewáyà mọ́tò ní Ṣómólú, pè mí lórí fóònù, ó ní: "Àbúrò, ẹni tó bá ti sọ nǹkan tí wàá rà kó tó bi ẹ́ ní iye tí mítà kà, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n má tíì lọ sọ́jà. Gbé e wá lọ́jọ́ Àìkú. Ìwọ fúnra ẹ lo máa di mítà mú."

Mítà kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná, èyí tí wọ́n ń tà ní Àlàbá, tó fún iṣẹ́ yìí, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra olówó ńlá. Bátìrì la kọ́kọ́ kọjú sí. Mo ti fi ṣájà sáájì rẹ̀ mọ́jú ní Sátidé, mo yọ ọ́, mo jẹ́ kó sinmi, ká tó wọ̀n ọ́n: 12.7 fóòtì. Bátìrì tó kún dáadáa kì í sábà kéré sí 12.6. Tó bá ti sún mọ́ 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo nìyẹn. Àmọ́ bátìrì tó ti bàjẹ́ náà lè ka 12.7 nígbà tó bá jókòó jẹ́ẹ́, kó wá wó lulẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá dé. Mo tẹ sítátà, ẹ̀gbọ́n ní kí n má gbójú kúrò lára mítà. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí 10.8, ó dúró síbẹ̀. Ká ní ó já wálẹ̀ kọjá 10 ni, bátìrì ni à bá dì mú. Èyí wẹ yán kànìnkànìn.

Ẹ́ńjìnì dìde, a tún wọ̀n ọ́n lẹ́nu bátìrì. Lára alùpùpù tó ń sáájì dáadáa, nǹkan bíi 13.5 sí 14.8 ló yẹ kéèyàn rí tí ẹ́ńjìnì bá ń yí nǹkan bíi 5,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Tèmi ka 12.6 nígbà tó ń sinmi. Nígbà tí mo ká tírótù, tí gbogbo iná sì wà ní títàn, ó tún lọ sílẹ̀ sí i, 12.4. Ó túmọ̀ sí pé ohun tí alùpùpù ń jẹ ju ohun tó ń wọlé lọ.

Ọ̀nà tí iná ń gbà rèé. Mágínẹ́ẹ̀tì kan wà nínú ẹ́ńjìnì tó ń yí ká kọ́ílì. Kọ́ílì yẹn ní ẹnu mẹ́ta, wáyà mẹ́ta sì ni wọ́n fi gbé iná jáde, yẹ́lò ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Iná AC ni, èyí tó ń lọ tó ń bọ̀; DC tó ń gba apá kan ṣoṣo ni bátìrì ń fẹ́. Wọ́n wọ inú rẹ́gúlétọ̀, òun ló ń sọ AC di DC, òun náà ló ń dá a dúró kó má bàa pọ̀ jù, kó tó dé bátìrì. Bí ọ̀kan nínú wáyà mẹ́ta yẹn bá dí, díẹ̀ á ṣì máa wọlé. Alùpùpù á ṣì máa sáré, bátìrì á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kéèyàn fura, àfi lọ́jọ́ tí ẹ bá yà rọ epo. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ó yẹ kí gbogbo arìnrìn-àjò mọ ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà yẹ́lò, ìyẹn ibi tí wọ́n ti so wọ́n mọ́ wáyà rẹ́gúlétọ̀, wà lára alùpùpù rẹ̀.

Tèmi wà lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ òsì. Bí mo ṣe ṣí i ni òórùn rọ́bà tó jó gba ojú mi. Ara sọ́kẹ́ẹ̀tì funfun ọ̀hún ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ihò kan nínú mẹ́ta ti yọ́, irin inú rẹ̀ sì ti dúdú. Mo fẹ́ máa yọ̀ pé a ti rí i, ẹ̀gbọ́n ní ká fara balẹ̀: kọ́ílì tó bàjẹ́ tàbí rẹ́gúlétọ̀ tó bàjẹ́ lè jó sọ́kẹ́ẹ̀tì, ká má lọ tún ọmọ ṣe ká fi ìyá sílẹ̀.

Nítorí náà a já sọ́kẹ́ẹ̀tì, a kọ́kọ́ bi kọ́ílì. A yí mítà sí óòmù, tó ń wọn bí ọ̀nà iná ṣe há tó, a fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan wáyà yẹ́lò méjì-méjì: àkọ́kọ́ àti ìkejì, ìkejì àti ìkẹta, àkọ́kọ́ àti ìkẹta. Gbogbo wọn ka nǹkan bíi 0.4, wọ́n dọ́gba. (Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu mítà méjèèjì kan ara wọn, kí ẹ sì yọ iye tó bá kà kúrò, torí wáyà mítà náà ní tirẹ̀.) Lẹ́yìn náà, ẹnu mítà kan lára yẹ́lò, ìkejì lára irin ẹ́ńjìnì: kò gbọdọ̀ ka ohunkóhun, kò sì kà. Ká ní ó ka nǹkan kan ni, awọ wáyà inú kọ́ílì ti ṣí, iná ń bọ́ sára irin. Ìgbà tí a wá sítáàtì ẹ́ńjìnì, tí a yí mítà sí fóòtì AC, a rí nǹkan bíi 70 láàárín yẹ́lò méjì-méjì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń yí 5,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Dídọ́gba wọn ṣe pàtàkì ju iye náà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà wọ̀nyí nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, 70 fóòtì AC kì í ṣe ohun àfọwọ́ṣeré.

Rẹ́gúlétọ̀ ló kù. Mítà ní ibì kan tí wọ́n ya àmì dáyọ́òdù sí, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo kọjá. Láti yẹ́lò kọ̀ọ̀kan sí wáyà pupa, ó ka nǹkan bíi 0.5. A yí ẹnu mítà padà, kò ka nǹkan kan. A ṣe bákan náà pẹ̀lú wáyà dúdú. Ó gba apá kan kọjá, kò sì gba apá kejì, bó ṣe yẹ nìyẹn. Ìdánwò yìí ò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ́gúlétọ̀ o. Ó ń sọ nípa apá tó ń sọ AC di DC nìkan, iṣẹ́ dídá iná dúró kó má bàa pọ̀ jù, ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí la tó lè mọ̀ ọ́n.

Ó wá kù sọ́wọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Omi òjò àti omi alágbára ibi ìfọkọ̀ máa ń wọnú rẹ̀, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ Èkó náà ń ṣe tirẹ̀, irin inú rẹ̀ á dípẹtà, kò ní fara mọ́ ara wọn dáadáa mọ́, ooru á bẹ̀rẹ̀. Tí iná tó ń gba ibi tó há bẹ́ẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin.

Mo lọ sí Ládípọ̀ fún wáyà. Ẹnì kan fi rẹ́gúlétọ̀ tòkunbọ̀ lọ̀ mí níbẹ̀, mo dúpẹ́, mi ò rà á. Ìyá tó ń ta wáyà bi mí pé, "Bọ̀dá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Bí mo ṣe sọ fún wọn báyìí, wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n ha ojú wáyà kan, inú rẹ̀ funfun: àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lójú ni. Wọ́n ha òmíì, ó pupa wọnú. Wọ́n ní, "Èyí lẹ máa mú." Mo bọ̀wọ̀ fún irú ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n ti kún nígbà tí mo fi padà dé. Àbúrò wa obìnrin tó ń gun 250 ti mú ìrin tí wọ́n fi ń jó léèdì wá, ẹnì kan mú rọ́bà tó máa ń súnkì mọ́ wáyà tí iná bá kàn án, ìyàwó ẹ̀gbọ́n gbé ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì jáde. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀: ṣé ká jó wáyà pọ̀ ní léèdì ni, àbí ká fi páláyà tẹ̀ ẹ́ pọ̀? Àwọn kan ní ibi tí léèdì bá mú máa ń gan, ìgbọ̀nrìrì á sì ṣẹ́ ẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n páláyà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà gan-an ò sí lọ́wọ́ wa, èyí tí wọ́n bá fi páláyà lásán tẹ̀ burú ju léèdì lọ. A gé sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jó sọnù, a gé wáyà sẹ́yìn títí a fi kan kọ́pà tó ń dán, torí kọ́pà tó ti dúdú kì í gba léèdì. A lọ́ ọ pọ̀, a jó o, a fi rọ́bà bò ó lẹ́ẹ̀mejì. A ò jẹ́ kí oríkèé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lójú kan náà, kí wọ́n má bàa fi ara gbora. A wá fi okùn rọ́bà dè wọ́n mọ́ férémù kí wọ́n má mì. Ẹ̀gbọ́n tún ní kí n fa wáyà dúdú kan tààrà láti rẹ́gúlétọ̀ sí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, torí ọ̀nà ìpadàbọ̀ iná náà máa ń dípẹtà.

Mítà ka 14.3. Mo tan gbogbo iná, ó di 14.0. Ariwo tó sọ lẹ́yìnkùlé yẹn, ẹ ò bá rò pé wọ́n gba góòlù wọlé ni.

Ẹ̀gbọ́n ò jẹ́ kí n lọ dán an wò lójú ọ̀nà márosẹ̀. Inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ló rán mi lọ, sí Ìkòròdú Road, láti Fàdéyì dé Maryland. Irú rẹ́gúlétọ̀ tó wà lára ọ̀pọ̀ alùpùpù wa máa ń sọ iná tó bá pọ̀ jù di ooru, atẹ́gùn ló sì ń tù ú. Nínú gósílóò kò sí atẹ́gùn, ibẹ̀ ni àléébù ti máa ń yọjú. Mo kó gbogbo ìwé alùpùpù dání, torí láti ọdún 2022 tí ìjọba ti fòfin de ọkadà ní agbègbè wọ̀nyí, wọ́n lè dá ẹni tó ń gun alùpùpù ńlá náà dúró láti bi í léèrè. Mo padà dé, mo fọwọ́ kan oríkèé wáyà: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò jóni. Mítà ò yí ohùn padà.

Mo ti so òǹkà fóòtì kékeré kan mọ́ ọwọ́ alùpùpù báyìí, fíúùsì 30 ámúpù àti wáyà díẹ̀ sì wà nínú àpò irinṣẹ́ mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni mo máa ń ṣí pánẹ́ẹ̀lì yẹn wò. Àwọn tó ń gun BMW R1150 GS tàbí R1200 GS tó kọ́kọ́ jáde, ìlànà tiyín yàtọ̀: ọ́tánétọ̀ (ohun tó ń pèsè iná) tí bẹ́líìtì ń yí bíi ti mọ́tò ló wà lára wọn, ẹ má wá wáyà yẹ́lò mẹ́ta kiri. Bẹ́líìtì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.