Bí a ṣe ń jẹ búrẹ́dì àárọ̀ Sátidé lágbègbè wa l'Ágége

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò wa lẹ́yìn Pẹn Sínímà, mò ń rí yín. Aago mẹ́sàn-án kọjá lẹ tó ń lọ sí békìrì ní Sátidé, búrẹ́dì tútù inú nílọ́ọ̀nù lẹ sì máa ń gbé bọ̀. Ẹ má dójú ti Agége. Télọ̀ ni mí. Sátidé ni àwọn aláṣọ ẹbí máa ń wá dúró lé mi lórí ní ṣọ́ọ̀bù, torí náà mo gbọ́dọ̀ ti jẹun tán kí wọ́n tó dé. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Ẹ̀wà lẹ máa kọ́kọ́ wá, kì í ṣe búrẹ́dì. Búrẹ́dì á máa jáde nínú ààrò títí di ọ̀sán, àmọ́ ìkòkò ẹ̀wà àgányìn kan ṣoṣo ni ìyá tó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri békìrì máa ń gbé wá. Tó bá tán, ó tán nìyẹn. Ẹ mú abọ́ onídèérí tiyín dání, torí nílọ́ọ̀nù tó máa bù ú sí fẹ́lẹ́, epo á jò sí yín lára kẹ́ ẹ tó délé. Ẹ kí i dáadáa kẹ́ ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ará Tógò ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí síhìn-ín lọ, kì í sì í dá ẹni tí kò bá kí i lóhùn. Ẹ̀wà ẹ̀ máa ń rọ̀ débi pé ẹ ò ní rí hóró kan tó dá dúró. Síbẹ̀, ata ló ni iṣẹ́: ata gbígbẹ tí wọ́n gún, àlùbọ́sà rẹpẹtẹ, epo pupa tí wọ́n fi dín in títí tó fi dúdú. Tó bá ní, "Ṣé kí n fi epo sí i?", ẹ dá a lóhùn pé, "Ẹ fi sí i, Màmá." Búrẹ́dì wa ki, ó nílò epo.

Ẹ wá yí lọ sójú fèrèsé. Èyí tí wọ́n yan lóru, àwọn tó ń kiri ló ni ín, wọ́n ti tò ó sórí àtẹ kílẹ̀ tó mọ́. Èyí tó ń jáde ní nǹkan bí aago méje ni tàwa ará àdúgbò. Ẹ má gba èyí tí wọ́n ti dì pa. Búrẹ́dì tó ń gbóná fẹlifẹli á làágùn nínú nílọ́ọ̀nù, ara ẹ̀ á rin gbindin, á sì tètè bu. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ẹnu nílọ́ọ̀nù sílẹ̀ fún yín. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wò láti ìta nílọ́ọ̀nù (ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pẹ̀lú ọwọ́ lásán, ọjà ọlọ́jà ni): tó bá wọlé tó tún dìde padà, ó dára. Tó bá wọlé tó jókòó síbẹ̀, inú ẹ̀ kò tíì jinná, ẹ dá a padà. Ẹ tún wo nọ́ńbà NAFDAC lára nílọ́ọ̀nù. Ìjọba ti fòfin de potassium bromate tí àwọn kan máa ń pò mọ́ ìyẹ̀fun kí búrẹ́dì lè wú, torí ìbẹ̀rù àrùn jẹjẹrẹ, ojú lásán ò sì lè dá a mọ̀ nínú búrẹ́dì.

Bí àlejò yín bá béèrè ìdí tí búrẹ́dì yìí fi máa ń fà, ẹ sọ fún un pé ẹ̀rọ onírólà méjì ni wọ́n ń ti ìyẹ̀fun pípò gbà kọjá lérémọ́lérémọ́ títí á fi dán. Amos Shackleford, ará Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà ní 1913, tó wá dá békìrì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta lẹ́yìn náà, ló mú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ̀lú.

Tíì kù. Béǹṣì tó wà níwájú békìrì, ti Màlámù onítíì ni, ẹ má lọ jókòó síbẹ̀ láì ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Á máa da tíì láti inú ife kan sí èkejì lókè réré títí á fi hó. Mo máa ń ní kó dín ṣúgà kù, torí búrẹ́dì fúnra ẹ̀ ti dùn.

Ọwọ́ lẹ máa fi ya búrẹ́dì. Ọ̀bẹ á kàn tẹ̀ ẹ́ pa ni tó bá ṣì gbóná. Ẹ ya á, ẹ fi ọ̀nà inú ẹ̀ bu ẹ̀wà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń là á láàárín kí wọ́n da ẹ̀wà sínú ẹ̀. Mi ò bá wọn jà, àmọ́ ẹni tó bá ti wọ léèsì funfun fún òde ọjọ́ yẹn kó má dán an wò. Èmi ni wọ́n máa gbé e wá bá, mi ò sì ní oògùn epo ẹ̀wà.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ìyá ẹlẹ́wà máa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àkàrà lẹ máa fi jẹ ẹ́.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ jẹ́ kó tutù tán kẹ́ ẹ tó dì í. Ẹ má gbé e sí fíríìjì, ibẹ̀ ló ti ń tètè gan. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ fi bọ́tà díẹ̀ yan án nínú páànù.

Ẹ sì mú owó wẹ́wẹ́ dání o. Tẹ́ ẹ bá ní tírànsífà lẹ fẹ́ ṣe, ọmọbìnrin ojú fèrèsé ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀ títí fóònù ẹ̀ á fi dún pé owó ti wọlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àárọ̀ Sátidé sì nìyẹn. Ẹ̀wà yín á ti tutù.