Ẹ yé fowó ṣòfò lórí "tíìmù tó le jù": àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn kóòṣì tuntun

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará wa. Ọdún ti dé tán, ìdíje bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Ọ̀kun, láti Kabba dé Iyara, dé Mopa, dé Isanlu àti Egbe, àwọn tíìmù tuntun ń yọ, àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá àti l'Ékòó ti ń dá owó jọ fún jẹ́ẹ̀sì àti bọ́ọ̀lù. Inú mi dùn sí i gan-an. Ibi tí owó yẹn ń gbà lọ ni inú mi ò dùn sí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù níbí, ọdọọdún ni mo sì ń rí i tí wọ́n ń ṣìṣe lórí ọ̀rọ̀ kan náà: ṣé ká máa pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù láti eré sí eré ni, àbí kí àwọn mọ́kànlá tó mọ̀ ọ́n gbá jù máa wọlé ní gbogbo ìgbà? Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń to tíìmù ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ABD.

Àṣìṣe àkọ́kọ́: kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n kí ẹ dà á kọ bẹ́ẹ̀.

Kóòṣì kan á wo Man City lọ́jọ́ Sátidé, tó bá di Mọ́ńdè ó ti yọ ẹni márùn-ún kúrò nínú tíìmù ẹ̀, ó ní bí Guardiola ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ńṣì Guardiola, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè ẹ̀. Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ńṣì tiyín, ọmọ SS2 tó wá sí tréénì lẹ́ẹ̀mejì péré ni. Ẹlòmíì á gba ọ̀nà kejì, á ní Leicester City ò pààrọ̀ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì gba líìgì. Òótọ́ ni pé Ranieri, kóòṣì wọn, ò fi bẹ́ẹ̀ pààrọ̀ ní 2015/16, Wes Morgan àti Schmeichel gbá gbogbo ìṣẹ́jú líìgì láìjáde. Ṣùgbọ́n eré mélòó ni wọ́n ń gbá lọ́sẹ̀? Wọn ò sí nínú ìdíje Yúróòpù lọ́dún yẹn, Hull ti lé wọn kúrò nínú League Cup, Tottenham lé wọn kúrò nínú FA Cup ní oṣù kìíní, ó wá ku líìgì nìkan, tó jẹ́ pé eré kan lọ́sẹ̀ kan ni wọ́n ń gbá lọ́pọ̀ ìgbà. Ranieri kan náà yìí sì ni àwọn oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì ń bú nígbà tó wà ní Chelsea pé pípààrọ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù. Aston Villa ti 1980/81 náà, eré líìgì 42, agbábọ́ọ̀lù 14 péré ni wọ́n lò, wọ́n gbà á, àwọn náà ò sì ní eré Yúróòpù kankan láti gbá lọ́dún yẹn.

Tiwa ńkọ́? Àwọn tó wá ṣe Kérésì nílé gbọ́dọ̀ padà síbi iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún tuntun, torí náà wọ́n máa ń há gbogbo ìdíje sínú ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó gbá lónìí, ẹ ó gbá lọ́tùnla, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ kejì ẹ̀ gan-an ni ẹ ó tún gbá. Agbára tí iṣan ẹsẹ̀ ń lò tán nínú eré kan, ó máa ń tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó padà pé, kódà tí ọmọ bá jẹun dáadáa. Nínú ọyẹ́, lórí pápá tó ti gbẹ tó ti le, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ò tíì wọ̀. Ẹ ka ọjọ́ kí ẹ tó ka orúkọ, ẹ jọ̀ọ́.

Àṣìṣe kejì: kí ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́n nígbà náà, ẹ rántí ife àgbáyé ti France 1998. Super Eagles na Spain 3-2, wọ́n na Bulgaria 1-0, wọ́n ti gba gúrúùpù yẹn tán kí wọ́n tó gbá ti Paraguay. Bora Milutinović, kóòṣì wa, wá fún àwọn tó ń gbá a ní ìsinmi, Paraguay na wá 3-1. Lọ́jọ́ mẹ́rin sí i, àwọn tó ti sinmi padà wọlé, Denmark sì na wá 4-1, a wá sílé. Mi ò sọ pé torí ìsinmi yẹn nìkan ni. Ṣùgbọ́n tíìmù tó ń gbá bọ́ọ̀lù dùn-ún-dùn-ún, ẹ tú u ká lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá ní kó tún so pọ̀ lọ́jọ́ mẹ́rin sí i, ṣé ó rọrùn bẹ́ẹ̀?

Àwọn kan á ní Mick McCarthy, kóòṣì Wolves, ṣe é, ó sì bọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni o, ní oṣù Kejìlá 2009 ó pààrọ̀ ẹni mẹ́wàá nígbà tí Wolves lọ bá Man United, wọ́n jẹ 3-0, àwọn aláṣẹ líìgì tún dá owó ìtanràn £25,000 lé wọn lórí tí wọ́n so rọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e wọ́n na Burnley 2-0, wọn ò sì já kúrò ní líìgì. Ní oṣù kọkànlá 2010, Ian Holloway ti Blackpool pààrọ̀ ẹni mẹ́wàá lọ́dọ̀ Aston Villa, ó jẹ 3-2, £25,000 náà ni wọ́n bu fún Blackpool, wọ́n sì já níparí ọdún. Àwọn méjèèjì ní eré 38 láti gbá, ẹni tó ní eré 38 lè fi ọ̀kan tọrẹ. Gúrúùpù tiyín, eré mẹ́ta ni. Èwo lẹ máa fi tọrẹ nínú ẹ̀?

Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló tó, ẹ jẹ́ kí aṣọ́lé dúró, kí dìfẹ́ńdà àárín kan dúró, kí ẹnì kan tó mọ àárín dúró. Àti pé ìdí tréénì lẹ ti ń ṣe é, láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn kóòṣì tuntun á pín àwọn ọmọ sí A àti B, A á máa bá B gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó wá di ọjọ́ eré, ẹ mú ẹni mẹ́ta láti B wọnú A, wọn ò gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ rí, ọ̀kan ń sáré lọ síwájú, èkejì ń gbá a sẹ́yìn. Ẹ yé ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa pò wọ́n mọ́ra lójoojúmọ́, kí ọmọ kejìdínlógún náà mọ ibi tí aṣọ́lé máa ń ju bọ́ọ̀lù sí.

Àṣìṣe kẹta, tó ń bí mi nínú ju gbogbo ẹ̀ lọ: kí ẹ lọ kó agbábọ́ọ̀lù láti ìta wá nígbà tó bá ku eré méjì, kí ẹ ní tíìmù tó le jù nìyẹn.

Ìlú kan wà níbí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ló gbá a láti gúrúùpù dé kọ́tà-fáínà, ọmọ tó ń gún iyán fún ìyá ẹ̀ kó tó wá sí tréénì, ọmọ tó ń gun ọ̀kadà, wọ́n ń pààrọ̀ ara wọn dáadáa, ẹsẹ̀ wọn ṣì tutù. Bí wọ́n ṣe dé sẹmi báyìí, àwọn tó ń náwó ní kò tó. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ilorin àti Lokoja, wọ́n kó ẹni mẹ́rin wá lóru, wọ́n sanwó mọ́tò, wọ́n gba yàrá fún wọn ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì fún olúkúlùkù ní owó àsanlẹ̀. Mo lọ bá ọ̀kan nínú àwọn tó ń náwó létí pápá, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ tó gbé yín débí ńkọ́?" Ó ní, "Kóòṣì, sẹmi la wà yìí o, kì í ṣe eré ọmọdé mọ́." Mo ní, "Ṣé àwọn tó ń bọ̀ yìí ti sinmi?" Kò tiẹ̀ mọ̀. Ó wá hàn pé méjì nínú wọn ti gbá eré míì níbòmíì lánàá. Títí dé háàfù-táìmù aṣọ́lé ò mọ orúkọ wọn, "Blue! Blue!" ló ń pè. Wọ́n jẹ 2-0. Owó tó máa ra ẹyin, omi, báńdéèjì àti bọ́ọ̀lù tuntun fún ọmọ méjìdínlógún láti oṣù kẹsàn-án, wọ́n ná an láàárín alẹ́ kan sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bí àgbẹ̀ tó se ẹ̀bù iṣu jẹ kí òjò tó rọ̀. Dìfẹ́ńdà ọ̀tún tí wọ́n yọ, ọmọ tó dára gan-an, ìlú míì ló ń gbá fún báyìí, tí ẹ bá sì rí i bó ṣe ń gbá a mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ ó mọ̀ pé kò gbàgbé.

Ẹ jẹ́ ká wo Keshi, kóòṣì Super Eagles tó gba ife Áfíríkà ní 2013. Joseph Yobo ni kápútéènì, orúkọ ẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n Keshi jókòó ẹ̀ sórí bẹ́ńṣì, Oboabona tó ń gbá fún Sunshine Stars níhìn-ín nílé ló ń wọlé. Ẹni tó gbá góòlù tó lé Ivory Coast lọ, tó tún gbá góòlù fáínà sílé Burkina Faso, Sunday Mba ni, ọmọ líìgì ilé wa. Emenike tó ń gbá góòlù wọlé farapa, kò gbá fáínà, Ike Uche bọ́ sí ipò ẹ̀, tíìmù ò sì mì. Yobo wọlé níparí eré, òun náà ló gbé ife. Keshi mọ ẹni tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti ń pò wọ́n mọ́ra tipẹ́.

Ti aṣọ́lé, ẹ má pààrọ̀ ẹ̀ láti eré sí eré. Rárá.

Ẹni tó ń tiro kó má wọlé, bó ti wù kí orúkọ ẹ̀ tóbi tó, bó ti wù kí bàbá ẹ̀ náwó tó.

Àṣìṣe míì tún ni kí ẹ jẹ́ kí ọmọ gbọ́ létí pápá pé òun ò ní bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ti ké sí gbogbo ilé, ìyá ẹ̀ ti dé, ẹ wá ka orúkọ mọ́kànlá, tiẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ẹ sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré, ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún un, kí ẹ sì sọ eré tó máa bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ pé tòun ń bọ̀ lọ́tùnla kì í bínú kúrò nílé.

Ó ku ti pé ẹ máa ń fi pípààrọ̀ sílẹ̀ di ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn. Nínú ìdíje ife Áfíríkà tí wọ́n gbá ní 2024 ní Ivory Coast, Super Eagles gbá 120 ìṣẹ́jú pẹ̀lú South Africa ní February 7, kó tó di pé wọ́n gba pẹ́náritì. Lọ́jọ́ kan náà, àwọn onílé parí tiwọn pẹ̀lú DR Congo ní 90. Ọjọ́ mẹ́rin sí i ni fáínà, Peseiro tó jẹ́ kóòṣì wa nígbà náà sì nìyí, kì í fẹ́ tú àwọn mọ́kànlá ẹ̀ ká. Troost-Ekong gbá tiwa wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi, ṣùgbọ́n nígbà tó di apá kejì àwọn ọmọ wa ò lè sáré tẹ̀ lé wọn mọ́, Kessié, Haller, 2-1. Lójú mi, ẹsẹ̀ ló pa wá. Láti 2020 ni wọ́n ti gbà kí tíìmù lè pààrọ̀ ẹni márùn-ún nínú eré, ó sì ti wọnú òfin bọ́ọ̀lù láti 2022, ṣùgbọ́n ìdíje ìlú ní òfin tiẹ̀, kí ẹ bi àwọn tó ṣètò ẹ̀ kí ẹ tó kó ọmọ jáde nílé, ó lè jẹ́ mẹ́ta ni wọ́n máa gbà. Kí ẹni tó máa wọlé ti máa gbóná ara ẹ̀ látìgbà tí wọ́n bá ti padà láti háàfù-táìmù, kó má jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá pe orúkọ ẹ̀ ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá bàtà.