Fífi Python so ẹnu méjì pọ̀ nínú Blender: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Ó ń dunni láti rí ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ 3D ní Òṣogbo níbí, tí owó epo jẹnẹrétọ̀ ti ń wọ́n lọ́rùn, tó tún ń fi dọ́là ra add-on (àfikún irinṣẹ́) tí yóò máa bá a so edge (ìlà etí ohun tó ń yà) pọ̀. Ọ̀fẹ́ ni Blender, software tí a fi ń ṣe iṣẹ́ 3D. Iṣẹ́ náà ti wà nínú rẹ̀: ní Edit Mode, Ctrl+E, ẹ yan Bridge Edge Loops, ní Python, bmesh.ops.bridge_loops (bmesh ni apá Blender tí script fi ń tún mesh, ìyẹn ara ohun 3D, ṣe).

Ẹ jẹ́ ká fi gángan ṣe àpẹẹrẹ. Odidi igi kan ni gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń gbẹ́ tirẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, a lè ṣe abọ́ méjì, ká kọ ìdí wọn síra, ká wá fi bridge ṣe ìbàdí ìlù.

Èkíní nínú àwọn àṣìṣe náà, abọ́ méjèèjì ṣì jẹ́ object ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bridge kì í kọjá láti object kan sí òmíràn. Ẹ fi Ctrl+J dà wọ́n pọ̀ ná.

Èkejì, ìdérí, ìyẹn face (ojú pẹlẹbẹ) tó dí ìdí abọ́, ṣì wà níbẹ̀. Tí ẹ bá yan face ìdérí tí ẹ sì lo àṣẹ inú menu, Blender á yọ wọ́n fúnra rẹ̀. bmesh kò ní bá yín yọ ọ́. Ìdérí á sé mọ́ inú ìlù bí ògiri, kò sì ní hàn títí shading á fi dàrú. Ẹ fi bmesh.ops.delete yọ ọ́, context='FACES_ONLY', kí edge lè ṣẹ́kù.

Ẹ̀kẹta ló ń jẹ àkókò àwọn èèyàn jù: kíkọ index (nọ́ńbà tí Blender fún edge kọ̀ọ̀kan) sínú script. Wọ́n á ka edge 64 dé 95 lójú iṣẹ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ lónìí. Lọ́la wọ́n pa face kan rẹ́ tàbí wọ́n fi loop cut (ìlà tuntun tó yí ìlù ká) kan kún un, nọ́ńbà yí padà, bridge wá lọ gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlù. Ipò edge lórí ìlà lásán ni index, ẹ má fi ṣe orúkọ rẹ̀. ensure_lookup_table kò sì tún èyí ṣe. Ohun tó ń ṣe ni pé ó jẹ́ kí ẹ lè fi nọ́ńbà pe edge.

Ìwà edge ni kí ẹ fi wá a. is_boundary ń mú edge tí face kan ṣoṣo kàn. Ṣùgbọ́n ẹnu mẹ́rin ló ṣí sílẹ̀ lára gángan yìí: ńlá méjì tí awọ máa bò, kékeré méjì tí a fẹ́ so. Tí ẹ bá kó gbogbo boundary fún bridge, á fẹ́ so ẹnu ńlá náà mọ́ ọn. Ká ní ìlù náà nà lórí Z (ìsàlẹ̀ sí òkè), àárín rẹ̀ sì wà ní 0, bm sì ni mesh ìlù náà nínú bmesh:

eti = [e for e in bm.edges if e.is_boundary and all(abs(v.co.z) < 0.1 for v in e.verts)]

Láti origin object (ibi tí 0 rẹ̀ wà) ni v.co, ipò vertex (ojú ibi tí edge ti pàdé), ti ń wọn nǹkan. Tí origin kò bá sí láàrin ìlù, 0.1 yín ń wọn ibòmíràn. Ẹ lo obj.matrix_world @ v.co tí ẹ bá fẹ́ ipò rẹ̀ nínú scene.

Kí ẹ tó so nǹkankan, ẹ print len(eti), iye edge tí ẹ rí. Tí ẹnu kọ̀ọ̀kan bá ní vertex 32, 64 ló yẹ kó jáde. Tó bá jẹ́ 0, ìdérí ṣì wà, tàbí circle tí kò ní face ni ẹ ń lò. Ti ìyẹn ni is_wire. Tó bá jẹ́ 128, ẹnu ńlá ti bọ́ sínú rẹ̀. Tó bá fi díẹ̀ lé ní 64, vertex kan ti gun orí èkejì níbì kan: ẹ fi remove_doubles pa wọ́n pọ̀, dist=0.0001.

Iye vertex tí kò dọ́gba náà ń kó bá wọn. Tí apá kan bá ní 32 tí èkejì ní 24, triangle ni Blender á fi dí àlàfo, ìbàdí á sì hunjọ nígbà tí Subdivision Surface (modifier tó ń mú ojú ohun dán) bá gùn ún. Ẹ ti dọ́gba wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tí ìbàdí bá lọ́ bí okùn, ẹ yí twist_offset. Ìṣísẹ̀ kan jẹ́ vertex kan, ìyẹn ìwọ̀n 11.25 nínú 360 fún ẹnu oní-32.

Normal, ìyẹn ọ̀nà tí face kọjú sí, dojú kọ inú? Ẹ lo recalc_face_normals.

Tí ìbàdí bá tọ́ gbọnrangandan: number_cuts (iye ìlà tí a fi pín ìbàdí) wà nínú àṣẹ menu, kò sí nínú bridge_loops. Ẹ mú 'edges' tí bridge_loops dá padà, kí ẹ gbé e fún subdivide_edgering, cuts=6.

Ní ti gbígbé mesh wá sínú bm àti dídá a padà: ní Edit Mode, from_edit_mesh àti update_edit_mesh ló ń rìn pọ̀, ẹ má sì free bm náà (ẹ má tú u dànù). Ní Object Mode, from_mesh, to_mesh, lẹ́yìn náà ni free. Tí ẹ bá pe to_mesh nígbà tí object ṣì wà ní Edit Mode, error ló máa já sí.