Kẹ́ ẹ tó so ẹ́ńjìnnì kọ́ igi àjà

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹ́káníìkì àti wẹ́dà wa l'Óṣogbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé so ṣéènì-bùlọ́ọ̀kù, ẹ̀rọ tá a fi ń fa ẹ̀wọ̀n gbé ẹrù sókè, kọ́ igi àjà ṣọ́ọ̀bù. Páànù ni wọ́n ní kí igi yẹn rù, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tírélà.

Fún ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ háyà, férémù onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ní táyà ló dáa jù láti so bùlọ́ọ̀kù kọ́. Bí láńlọ́ọ̀dù bá lé yín, ẹ ó tú u lọ ni. Àmọ́ orí kọnkéré tó tẹ́jú ni kó wà. Nínú ẹrẹ̀ òjò, ẹsẹ̀ kan á rì, ẹrù á fì, gbogbo rẹ̀ á dojú dé. Irú ohun ìgbẹ́rù tó ní apá tó ń yí lára òpó dáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo, bí ìpìlẹ̀ rẹ̀ bá jinlẹ̀. Èyí tó ń rìn lórí irin méjì lókè, ilé iṣẹ́ ńlá ló ni ín.

Okùn tá a fi ń so ẹrù mọ́ húùkù bùlọ́ọ̀kù ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ká ní ẹrù 1,000 kg ni, okùn méjì ló gbé e. Bí wọ́n bá dúró ṣánṣán, 500 kg ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá la ẹsẹ̀ débi pé igun tó wà láàárín okùn àti òkè ẹrù tó tẹ́jú jẹ́ dígírì 30 péré, ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa fa 1,000 kg!

Húùkù tí ẹnu rẹ̀ ti là, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má fi iná tẹ̀ ẹ́ padà.

Ẹ gbé ẹrù ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kẹ́ ẹ dúró wò ó. Bó bá ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀, búréèkì inú bùlọ́ọ̀kù ti jẹ, tàbí kí ẹnì kan ti fi gírísì sí i.