Bí a ṣe ń yan ìbọn ọdẹ kan tí yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ inú igbó wa

Ó pẹ́ ni, ó yá ni, ọ̀dọ́mọkùnrin kan á gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi nílé l'Òkè-Fìà, á ní, "Bàbá, ẹ wo ìbọn yìí." Fídíò àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà máa ń fi hàn mí. Ọkùnrin kan dùbúlẹ̀ sórí òkè gbalasa, ó fi awò orí ìbọn wo ẹran tó wà ní irínwó mítà, ẹran sì ṣubú. Rífù nìyẹn. Inú ọ̀pá rẹ̀ ní ìlà tó lọ́ bí okùn, òun ló ń mú ọta kan ṣoṣo yí bírí-bírí kó lè lọ tààrà. Ẹni tó ń ṣọdẹ ní pápá Wyoming ní Amẹ́ríkà, ọta rífù bíi .308 tàbí 6.5 Creedmoor tó jáde ní 2007 á gbà á níbẹ̀. Àmọ́ láàárín Òṣogbo sí Ìkìrun, ibo lẹ ti fẹ́ rí irínwó mítà tí igi kòkó ò dí? Ẹran tó jìnnà jù tí mo yìnbọn sí rí kò tó àádọ́ta ìṣísẹ̀. Ọta rífù kékeré, .22, pàápàá lè rìn ju máìlì kan lọ, oko olóko ló sì máa balẹ̀ sí.

Nítorí náà, ìbọn kátíríìjì tí ilé iṣẹ́ ṣe, tó ń ṣẹ́ láàárín, ni mò ń sọ. Òun ló lè pa òkété lálẹ́ òní, kó pa ọ̀yà lọ́la, kó sì tún kojú ìgalà bó bá yọ. Ogójì ìṣísẹ̀ ni ọ̀nà jíjìn tiwa.

Ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Òfin ìbọn ọdún 1959 ló ń darí ọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ ọlọ́pàá sì ni ìwé àṣẹ wà. Ìbọn tó ń ki ọta fúnra rẹ̀ àti èyí tí a ń fà síwá-sẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní pọ́ǹpù, kò sí lára èyí tí òfin náà ní kí ará ìlú gba ìwé fún. Bí olùtà bá ní "ẹ má da ara yín láàmú", ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Nọ́ńbà 12 ni kẹ́ ẹ rà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹ bá pín òjé ìwọ̀n pọ́ọ̀n kan sọ́nà 12, tí ẹ yí ìkọ̀ọ̀kan di roboto, ẹyọ kan á wọ ẹnu ọ̀pá náà géérégé. Kátíríìjì rẹ̀ ló rọrùn jù láti rí. Bí nọ́ńbà 20 bá wà nínú ilé yín, ẹ má kó kátíríìjì méjèèjì sápò kan láé. Èyí tó jẹ́ 20 á yọ̀ wọnú ọ̀pá 12, á há síwájú níbi tí ojú ò tó o. Ẹ óò rò pé ẹ ò tíì ki nǹkan kan, ẹ óò ki 12 tẹ̀lé e, ọ̀pá á sì fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ti 20 ní àwọ̀ yẹ́lò.

Ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì? Méjì ni mo mú. Ẹlẹ́nu kan ti Baikal, láti Rọ́ṣíà, lágbára, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n, n kò bu ẹni tó bá rà á. Ṣùgbọ́n ẹnu méjì lè ní fífún méjì, ìyẹn bí ẹnu ọ̀pá ṣe dín tó láti kó ọta jọ, àǹfààní rẹ̀ gan-an nìyẹn, mò ń bọ̀ níbẹ̀. Ní ti gígùn ọ̀pá, ínǹṣì 28 tó mi. Àwọn tó ń wá èyí tó gùn jù nítorí pé "ó ń lọ jìnnà", okùn igbó ni wọ́n ń fà káàkiri.

Ẹ má gbé ìbọn wò nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́. Ẹ wọ gbérí ọdẹ yín lọ, ẹ gbé àpò kọ́, ẹ de tọ́ọ̀ṣì orí. Ẹ rí i pé kò sí nǹkan kan nínú ìbọn, ẹ wá di ojú, ẹ gbé e sí èjìká bí ẹni tí ẹran yọ sí lójijì, kẹ́ ẹ tó la ojú. Bí ẹ bá ní láti na ọrùn tàbí tẹ orí kí ojú yín tó bá irin kékeré tó wà lẹ́nu ìbọn dọ́gba, kì í ṣe tiyín. Alágbẹ̀dẹ lè gé ìdí ìbọn tó gùn jù. Kúkúrú ló ṣòroó tún ṣe, àyàfi kẹ́ ẹ fi rọ́bà táyà kún un, bí mo ti ṣe fún àbúrò mi.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì orí yẹn náà. Ìbọn tó ní fàdákà dídán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹwà lójú ọjà, ṣùgbọ́n bí iná orí yín bá kọ lù ú lóru, gbogbo rẹ̀ á padà sójú yín, ojú ìgalà tó ń tàn lọ́ọ̀ọ́kán á sì pòórá. Dúdú tó ṣú ni mo máa ń rà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣẹ́ ìbọn, ẹ wo inú ọ̀pá síbi ìmọ́lẹ̀. Ibi tó bá tẹ̀ wọlé á ba bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí roboto jẹ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá: 70 tàbí 76, ìyẹn gígùn kátíríìjì ní mìlímítà. Kátíríìjì 76 tí a kò tíì yìn á wọ ilé 70 láìjà, torí orí rẹ̀ ṣì ká. Bó bá ṣí nígbà tí ìbọn dún, kò ní ráyè, agbára á sì ga ju èyí tí ọ̀pá lè gbà. Pé ó wọlé kò túmọ̀ sí pé tiẹ̀ ni.

Ibi tí gbogbo ayé ti ń ṣi iṣẹ́ yìí ṣe ló kàn: páálí.

Ìbọn tí mo kọ́kọ́ rà, n kò yìn ín sí páálí. Ọdún méjì ni mo fi ń tàsé. Mo bú ẹni tó ta kátíríìjì fún mi, mo ní ẹran ń lo àféèrí. Ọjọ́ tí ọ̀gá mi ní kí n yìn ín sí páálí fìríìjì, ọta lọ sókè apá òsì, ó sì fi àyè tó tó awo ìjẹun, tí ọta kankan ò bà, sílẹ̀ láàárín gbùngbùn. Láti ìgbà náà, bí olùtà ò bá gbà kí n dán ìbọn wò lọ́nà tó bófin mu, n kò ní sanwó.

Ẹ wá ibi tí òkìtì ọ̀gán tó ga ju ènìyàn lọ wà, tí kò sí oko tàbí ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe itòsí Igbó Ọ̀ṣun o. Wọn ò gbà kí ènìyàn ṣọdẹ níbẹ̀, UNESCO sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ogún ayé láti 2005. Ìtàn ní igi tí Tìmẹ́hìn ọdẹ àtàwọn èèyàn rẹ̀ gé wó lu odò, ó sì fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Ẹ má jẹ́ ká tún lọ fọ́ òmíràn.

Ẹ fi páálí ńlá ti òkìtì náà, ẹ fi èédú ya àmì kan sáàárín. Ẹ̀yìn pátákó ìpolongo ìbò tó ti gbó dára jù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ka ogójì ìṣísẹ̀ gígùn, ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn tí ìbọn bá dún ni kẹ́ ẹ tó ya róbótó, kì í ṣe ṣáájú: ẹ kan ìṣó síbi tí ihò ti pọ̀ jù, ẹ so okùn ínǹṣì 15 mọ́ ọn, ẹ fi èédú yí i ká. Ẹ ka ihò inú rẹ̀. Bí ọta inú kátíríìjì bá jẹ́ 100, ẹnu tó fún gan-an, tí olùtà ń pè ní fúùlù, yẹ kó kó nǹkan bí 70 síbẹ̀. Èyí tó fún níwọ̀nba, 60. Èyí tí a fún díẹ̀, 50. Èyí tí a kò fún rárá, 40. Páálí tuntun fún ìyìn kọ̀ọ̀kan, ìgbà mẹ́ta fún ẹnu kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá yin mẹ́fà sí páálí kan ṣoṣo kò mọ èyí tí òun ń kà. Owó kátíríìjì mẹ́fà yẹn máa ń dun èèyàn, mo mọ̀, síbẹ̀ kò tó owó ìbọn.

Iye yẹn nìkan ò tó mi. Mo ní páálí kan tí mo gé bí ọ̀yà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo máa ń gbé e káàkiri inú róbótó náà. Ibi yòówù kó bọ́ sí, ihò mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Bí ó bá rí ibi tó lè dúró sí tí ihò kan péré bà á, ẹran á gba ọgbẹ́ lọ kú sínú igbó, ẹ ò ní rí i. Ẹ fi ìṣísẹ̀ márùn-ún sún mọ́ páálí sí i, kẹ́ ẹ tún un yìn.

Ẹ dán àwọn kátíríìjì oríṣi méjì ó kéré tán, torí ọta tó tóbi lè kọ ẹnu tó fún jù, kó fọ́n ká. 00, ìyẹn ọta ńláńlá tí a ń lò fún ìgalà, ní hóró 9 péré nínú kátíríìjì 70. Bí mẹ́ta bá yà kúrò lọ́nà, kò kù púpọ̀ fún ìgalà. Nínú ìbọn tèmi, ẹnu ọ̀tún, èyí tí kò fún púpọ̀, ló gba 00 dáadáa. Òsì tó fún ni mò ń kó ọta wẹ́wẹ́ sí fún ohun tó bá jìnnà díẹ̀. Tiyín lè yí padà sí òdìkejì.

Bó bá parí, ẹ ge pílásítà funfun, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìbọn níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò kàn, ẹ fi báírò kọ orúkọ kátíríìjì àti iye ìṣísẹ̀ fún ẹnu kọ̀ọ̀kan sí i. Tèmi ka báyìí: "Ọ̀tún 25, òsì 35." Òjò máa ń pa á rẹ́ ní gbogbo oṣù Keje, mo sì máa ń tún un kọ.