Bí ẹ bá fẹ́ ya àwòrán ọgbà ẹ̀wọ̀n, orí ẹní ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ayàwòrán-ilé gbé bébà gbọọrọ kan wá bá mi ní Sátidé. Wọ́n ti fún ọ́fíìsì wọn ní iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tuntun. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wò ó." Ọdún 31 ni mo fi ṣe wọ́dà, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni mo sì pẹ́ sí jù. Ohun tí mo sọ fún un nìyí, torí òun nìkan kọ́ ló máa ya irú ẹ̀.

Géètì ló kọ́kọ́ nàka sí. Mo ní kó fi ìwé bo ibẹ̀. Ẹni tó bá ti ẹnu géètì bẹ̀rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ò ṣe ní sá lọ nìkan ni yóò máa rò. Ẹ wá orí ẹní kan nínú yàrá, kí ẹ fi pẹ́ńsù lé e. Ẹni tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kí ló ń rí? Kí ló ń gbọ́? Ilé ìgbẹ́ ńkọ́, ṣé kò sí nídìí imú rẹ̀? Àwa mọ ẹni tó máa ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì: ẹni tó dé lánàá ni. Òru ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà ibẹ̀, ìdájí ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ògiri gé ilé ìgbẹ́ sọ́tọ̀, kó kan àjà.

Ó kan fèrèsé. Òfin tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fi orúkọ Mandela pè ní 2015 sọ pé kó tóbi tó kí èèyàn fi ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kàwé. Ẹ má gbé e há sókè àjà. Ẹni tó jókòó gbọ́dọ̀ lè rí ìta. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Jackson ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, ìwádìí Ernest Moore tó jáde ní 1981 fi hàn pé àwọn tí yàrá wọn kọjú sí àgbàlá inú ń lọ gba ìtọ́jú ju àwọn tó ń wo oko àti igi lọ, ní ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní tiwa, igi máńgòrò kan wà lẹ́yìn ògiri. Yàrá tó kọjú sí i máa ń jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ rí èyí tó pọ́n, àmọ́ ìjà ẹ̀rín ni.

Ariwo ni àwọn ayàwòrán kì í rí lórí bébà. Ọmọ jòjòló kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà kan, ìyá rẹ̀ ló ń ṣẹ̀wọ̀n. Bí a bá ti pa géètì irin, gbàgàà! èjìká ọmọ náà á kọ́kọ́ fò sókè, ojú ṣì wà ní dídì, kó tó figbe ta. Ìyá á ṣépè fún wa, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á dá a lóhùn, kò ní pẹ́ tí gbogbo yàrá á fi wọ ìjà. Ọ̀kan nínú wa wá ra túùbù kẹ̀kẹ́ àlòkù, ó gé e bí ọ̀já, ó fi wáyà dè é mọ́ férémù géètì. Ìró náà wálẹ̀, ó di "bùù." Mi ò sọ pé ìjà tán o, ṣùgbọ́n ọmọ náà ń sùn. Ẹ kọ rọ́bà géètì sínú àwòrán yín, ẹ má fi sílẹ̀ fún wọ́dà láti fi owó ara rẹ̀ rà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fa ìlà láti orí àga wọ́dà lọ sí gbogbo igun. Igun tí ìlà ò dé ni wọ́n ti ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tí ò lágbára. Ọmọ mi fi ẹ̀rọ omi sẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i! Mo ní kó gbé e wá síwájú. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ṣí ní Martinez ní California ní 1981, àárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n gan-an ni wọ́n fi àga wọ́dà sí, kò sí gíláàsì láàárín wọn. Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ bí èèyàn bá ti pọ̀ ju ẹní lọ, kò sí àga tó lè ṣiṣẹ́ náà.

Ẹ má sì torí ìjà sá lọ sí yàrá ẹlẹ́nìkan tí wọn kì í ṣí. Wọ́n ti ṣe é ní Philadelphia láti 1829, kí èèyàn lè dá wà kó ronú pìwà dà, orí ọ̀pọ̀ ló dàrú níbẹ̀.

Bí ẹ bá wà l'Ékòó, ẹ mú tépù lọ sí Freedom Park ní Broad Street, níbi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ wà. Ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ ro bí òru ṣe rí.

Ó ní, "Àǹtí, wọn ò ní sọ pé a ń kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì fún olè?" Mo bi í pé ta ló ń jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ pẹ̀lú olè náà. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti bá mi.

Ó mú írésà, ó pa ẹ̀rọ omi rẹ́ lẹ́yìn ilé ìdáná. Rọ́bà géètì ló kù tí kò tíì rí ibi tí yóò kọ ọ́ sí.